Ẹmọ́ ilé wa kò jẹun dáadáa mọ́ látìgbà tí èkejì rẹ̀ ti kú

Ìyá Ẹniọlá (Ìpẹru)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹmọ́ ilé, èyí tí òyìnbó ń pè ní guinea pig, kó ràn mí lọ́wọ́.

Méjì la ní. Abo ni àwọn méjèèjì, láti kékeré ni wọ́n sì ti jọ wà, wọ́n ti tó bí ọdún méjì báyìí. Ọmọ mi obìnrin ló sọ wọ́n ní Àdùkẹ́ àti Àbẹ̀ní. Àdùkẹ́ kú lọ́sẹ̀ yìí. Alẹ́ ló ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti lọ. Látìgbà náà ni Àbẹ̀ní ti ká jọ sí kọ̀rọ̀ kéèjì, tó kọjú sí ògiri. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti gbọ́ ìró ọ̀rá tí a fi ń kó koríko bọ̀, wíì-wíì ni yóò máa ké títí a ó fi gbé e síwájú rẹ̀. Ní báyìí, kò ké mọ́. Tí mo bá gbé koríko sílẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á jẹ díẹ̀, á tún padà sí kọ̀rọ̀.

Ọmọ mi náà ò jẹun kánú. Àwọn ará àdúgbò ní èwo ni ká máa sunkún nítorí eku. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀.

Ṣé ìbànújẹ́ ló ń ṣe é ni àbí àìsàn? Ẹnì kan ní kí n ra akọ fún un kó lè bímọ, ẹlòmíì ní kí n fi ehoro tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èwo ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ bá mi rẹ Ẹniọlá lẹ́kún. Àwọn àgbà wa náà ló ní ẹmọ́ kú, ojú òpó dí. Àfè kú, ẹnu ìṣà ń ṣọ̀fọ̀. Bí ẹnu ihò bá lè ṣọ̀fọ̀, kí ló dé tí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn kò ní ṣe é? Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sunkún rẹ̀ tán.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ akọ àti ehoro sílẹ̀ ná. Ohun tó ká mi lára jù ni pé kí Àbẹ̀ní jẹun lónìí.

Ẹmọ́ ilé kì í gba ààwẹ̀. Tọ̀sán-tòru ló ń jẹ koríko, koríko tó ń wọlé ló sì ń ti èyí tó wà nínú ìfun síwájú. Bí ẹnu bá dúró, ìfun náà á dúró, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, ìrora á sì mú kó tún kọ oúnjẹ sí i. Bó bá fi lè lo ọjọ́ kan gbáko láìjẹ nǹkan kan, pàjáwìrì ni, kì í ṣe ohun tí a ń wò di ọ̀la. Àìjẹun tí ìbànújẹ́ fà ló ń pa wọ́n, torí náà ibẹ̀ ni kí a ti kọ́kọ́ dènà.

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé ó ń yàgbẹ́? Ṣé hóró ìgbẹ́ rẹ̀ ṣì tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀, àbí ó ti kéré tó sì gbẹ? Ṣé imú rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ ń ṣomi? Báwo ló ṣe ń mí? Mo ń béèrè torí pé bí ẹ ṣe júwe ikú Àdùkẹ́ ń kọ mí lóminú. Ó lè jẹ́ òtútù àyà, èyí sì máa ń ràn. Ó sì lè jẹ́ ooru. Orí òkè Andes, ní Peru àti Bolivia, ni ìran wọn ti wá, ibi tútù ni. Tí ooru bá ti ń lọ sí 27 tàbí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ni wọ́n, wọn kì í sì í làágùn bíi tiwa kí ara wọn tutù.

Ẹ wá sikéèlì tí ẹ fi ń wọn fúláwà, kí ẹ gbé e lé e láràárọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú lè tàn yín, irun rẹ̀ ń bo rírù. Bí ó bá ti sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ nù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà.

Èyí tó ṣe kókó jù: ẹ má ṣe fún un ní Ampiclox tàbí amoxicillin. Mo mọ̀ pé òun la máa ń tú sínú omi fún òròmọdìẹ nílé, ọwọ́ sì máa ń yá sí i. Oògùn ìran penisílíìnì máa ń pa kòkòrò rere tó wà nínú ìfun ẹmọ́ ilé, èyí tó burú á gbilẹ̀, ẹran náà á sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo ti rí ẹmọ́ tí ọfìnkìn lásán ń ṣe, tó jẹ́ pé oògùn yìí ló pa á.

Ìyá Ẹniọlá (Ìpẹru)

Ẹ ṣeun gan-an, Dókítà. Ó ń yàgbẹ́, àmọ́ hóró rẹ̀ ti kéré. Imú rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ mọ́, mímí rẹ̀ sì dọ́gba. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n tán, gírámù 840 ni. N ò mọ iye tó wọ̀n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni kéèjì wọn wà, lábẹ́ páànù, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì níbẹ̀. Àbí ooru páànù yìí ló pa Àdùkẹ́ ni?

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

N ò lè fọwọ́ sọ̀yà láìrí òkú rẹ̀, ẹ má sì gbé e ka àyà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kéèjì kúrò níbẹ̀ lónìí. Inú pálọ̀ ni kó wà, lórí ilẹ̀ táìsì tó tutù, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ń jókòó sí. Ẹran tó ń gbé pọ̀ ni. Bí kò bá rí irú rẹ̀, ohùn ènìyàn tó mọ̀ sàn fún un ju ẹ̀yìnkùlé tó dákẹ́ lọ.

Àgbẹ̀ Odogbolu

Mo ń sin ehoro àti ẹmọ́ ilé, ó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ oúnjẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe nígbà tí ẹran bá ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n á kó búrẹ́dì àti bisikíìtì fún un torí àánú. Ìyẹn á tún ba inú rẹ̀ jẹ́.

Koríko ni ìyá oúnjẹ rẹ̀. Ẹ já èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tó rọ̀, kì í ṣe èyí tó ti le. Ẹ fi ìgbálódé kún un, ewé tí àwa ọlọ́sìn ehoro ń já lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tó ní òdòdó funfun kékeré, tí àárín rẹ̀ rí rúsúrúsú. Ewé ànàmọ́ náà dára. Ẹ má já nǹkan kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ Ṣágámù, nítorí èéfín ọkọ̀, ẹ má sì já níbi tí wọ́n bá ti fín oògùn apakoríko. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù.

Ewé pákí ńkọ́? Rárá o. Mo mọ̀ pé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí pákí ò sí, ewúrẹ́ sì máa ń jẹ ẹ́ lójú wa. Májèlé wà nínú ewé àti èèpo rẹ̀ ní tútù, ẹran kékeré bẹ́ẹ̀ ò lè gbé e. Èèpo ewùrà tí ẹ bó fún ìkọ́kọrẹ́ náà, ẹ má fún un. Bẹ́ẹ̀ ni àlùbọ́sà àti píà.

Bó bá kọ koríko pátápátá, ẹ rẹ fíìdì ehoro sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí yóò fi di ẹ̀kọ ṣíṣàn, kí ẹ fà á sínú síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ wọlé, lẹ́yìn eyín iwájú, díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró kó jẹ ẹ́ kó gbé e mì kí ẹ tó tún fi sí i. Tí ẹ bá tì í sí i lọ́fun wàràwàrà, ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, ẹ má dá a dùbúlẹ̀ bí ọmọ tuntun.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀rọ̀ gidi. Mo fẹ́ fi kún un pé ara ẹmọ́ ilé kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, bíi tiwa ẹ̀dá ènìyàn. Èyí tí kò bá jẹun dáadáa á tètè ṣaláìní rẹ̀: oríkèé á máa dùn ún, eyín á máa mì, irun á máa gún. Mílígírámù 10 sí 30 ló nílò fún kílò kan lójúmọ́. Fún Àbẹ̀ní, ìdá kan nínú mẹ́rin tábúlẹ́ẹ̀tì 100 mg tó wà ní kẹ́míìsì ti tó. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fi omi díẹ̀ pò ó, kí ẹ fi síríńjì fún un. Ẹ má dà á sínú ìgò omi rẹ̀, agbára rẹ̀ á ti lọ kó tó mu ún tán. Gúáfà tó pọ́n, ègé kékeré kan, dára gan-an. Ó ní fítámì C ju ọsàn lọ.

Túndé, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Mi ò sọ pé kí Ìyá Ẹniọlá má tọ́jú ẹran wọn o, àmọ́ ṣé a lè sọ pé ẹran yìí ń ṣọ̀fọ̀? Ó lè jẹ́ pé ibi tó ń gbé ló yí padà, tàbí pé kò rí ẹni tí wọ́n jọ ń du koríko mọ́. Bí a bá ń fi ìṣe ènìyàn wo ẹranko, a lè pàdánù àìsàn gidi tó wà lára rẹ̀.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Túndé, ìparí ọ̀rọ̀ rẹ yẹn dára, òun ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè imú àti ìgbẹ́. Àmọ́ kì í ṣe àròsọ ni pé wọ́n ń mọ ara wọn. Àwọn onímọ̀ ti gbé ẹmọ́ ilé sí ibi àjèjì, wọ́n sì wọn kọtísọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn omi ara tó máa ń ga nígbà ìpayà. Èyí tó ní ẹnì kejì tí wọ́n ti mojú ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tirẹ̀ kì í ga tó ti èyí tó dá wà. Bóyá ọ̀fọ̀ ni orúkọ rẹ̀ tàbí òmíràn, ara ẹran náà mọ̀ pé ẹnì kan ò sí níbẹ̀ mọ́.

Túndé, Àgọ́-Ìwòyè

Ó yé mi, sà. Ẹ ṣé.

Ọmọ Ìṣarà nílẹ̀ òkèèrè

Switzerland ni mo ń gbé. Láti ọdún 2008 ni òfin ìdáàbòbò ẹranko wọn ti sọ pé ẹran tó bá jẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹlẹgbẹ́, ẹmọ́ ilé sì wà lára wọn. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ sin ẹyọ kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé àṣejù ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìṣòro tó ń bí: bí ọ̀kan bá kú, o ní láti ra òmíràn, ìyẹn á dàgbà, ti àkọ́kọ́ á kú, o tún ní láti ra òmíràn, kò sì ní lópin. Ohun tí àwọn kan ń ṣe níbí ni pé wọ́n ń yá ara wọn ní ẹmọ́. Ẹni tó ní àgbà ẹmọ́ kan ṣoṣo tí kò fẹ́ sìn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ á yá òmíràn kó bá a lò títí ọjọ́ ikú rẹ̀, á wá dá a padà. Mo rò pé àwọn tó ń sìn ín ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú lè ṣe irú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ìyá Ẹniọlá, ẹ rò ó wò kí ẹ tó náwó.

Bọ̀dá Ehoro, Ìjẹ̀bú-Igbó

Èmi ò rí ohun tó burú nínú ehoro o. Mo ní ehoro kan pẹ̀lú ẹmọ́ kan nínú kéèjì kan, wọn ò bá ara wọn jà. Ehoro pọ̀ káàkiri, ẹmọ́ ilé ló ṣòroó rí rà. Bí ìyá yìí ò bá rí ẹmọ́, ṣé kí tiwọn dá wà títí ni?

Àgbẹ̀ Odogbolu

Bọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, àmọ́ mi ò ní gbà á nímọ̀ràn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro lágbára. Ìpayà lásán, ìró bàǹgà, á ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè ṣẹ́ ẹmọ́ léegun ẹ̀yìn. Kì í ṣe ìjà.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ku méjì. Ehoro lè gbé kòkòrò Bordetella sí imú láì ṣàìsàn kankan, kí ẹmọ́ gbà á kó sì di òtútù àyà. Fíìdì ehoro kò sì ní fítámì C tí ẹmọ́ nílò, torí ara ehoro ń ṣe tirẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Bí ẹmọ́ bá ń kùn kí ẹnì kejì sún mọ́ ọn, ehoro ò mọ ohun tó ń wí. Bọ̀dá, bí ẹ bá lè rí ẹmọ́ kejì fún tiyín, ẹ ṣe é, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀.

Bọ̀dá Ehoro, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ òtútù àyà yẹn ò tíì dé etí mi rí. N ó fi asẹ́ pààlà sáàárín wọn ná.

Ìyá Ẹniọlá (Ìpẹru)

Ẹ̀yin ará, ó ti ń jẹun! Lẹ́yìn tí a gbé e wọ pálọ̀, ó ṣì kọ́kọ́ káwọ́ jọ. Mo fi síríńjì fún un bí ẹ ṣe kọ́ mi, Ẹniọlá sì ń jókòó tì í tó bá ti ilé-ìwé dé, á máa ka ìwé rẹ̀ sókè. Lánàá ló fúnra rẹ̀ dìde wá jẹ ìgbálódé. Gírámù 855 ló wà láàárọ̀ yìí, ìgbẹ́ rẹ̀ ti tóbi.

Mo ti pinnu pé n ó wá ẹnì kejì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí a ṣe ń mú wọn mọra. Ẹni tó ní kí n ra akọ ò tíì jẹ́ kí n sinmi o.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

A dúpẹ́! Inú mi dùn jọjọ.

Ọ̀rọ̀ akọ: ẹ má ṣe é. Abo tí kò bá tíì bímọ rí títí ó fi ju bí oṣù méje sí mẹ́jọ lọ, eegun iwájú ìbàdí rẹ̀ sábà máa ń so pọ̀, kò sì ní lè ṣí tó nígbà ìrọbí. Ọmọ ẹmọ́ ilé kì í ṣe ọmọ eku tí a bí níhòòhò. Ọjọ́ 59 sí 72 ló ń lò nínú, ó ń jáde pẹ̀lú irun, ojú rẹ̀ á ti là, eyín á ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tóbi. Ọmọ ọdún méjì ni Àbẹ̀ní, oyún àkọ́kọ́ lè pa á. Akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ló lè bá a gbé, a sì gbọ́dọ̀ dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí a tó kó wọn pọ̀. Abo kékeré ló rọrùn jù fún yín. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò kí ẹ tó sanwó, torí àwọn tó ń tà á pàápàá máa ń ṣi akọ mú fún abo nígbà tó bá kéré.

Ẹ yà á sọ́tọ̀ ní yàrá mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ti Àbẹ̀ní ni kí ẹ kọ́kọ́ máa tọ́jú, kí ẹ tó kan àlejò, kí ẹ sì fọwọ́ láàárín méjèèjì. Bí àìsàn bá wà lára rẹ̀, á ti hàn kí wọ́n tó fimú kanmú.

Àgbẹ̀ Odogbolu

Bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá pé, ẹ gbé kéèjì méjèèjì sún mọ́ra, kí asẹ́ wà láàárín, kí wọ́n máa gbóòórùn ara wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa pàdé, ẹ má gbé àlejò wọ ilé Àbẹ̀ní tààrà. Ilé rẹ̀ ni, yóò gbèjà rẹ̀. Ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì gbé rí, ilẹ̀ yàrá tí ẹ ti gbá mọ́. Ẹ kó koríko jọ gègèrè sí àárín, kí ẹnu wọn níṣẹ́. Ẹ gbé páálí méjì síbẹ̀, kí ẹ gé ẹnu ọ̀nà méjì sí ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan má bàa há ẹnì kejì mọ́ inú rẹ̀. Kí ẹ wá jókòó.

Ohun tí ẹ ó rí á fẹ́ já yín láyà. Wọ́n á máa gbóòórùn ìdí ara wọn, ọ̀kan á máa kùn rúú-rúú, á máa yí ìdí lọ yí ìdí bọ̀, á lé ekejì, á tiẹ̀ gùn ún. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá ni. Ẹ má dá sí i. Bí ẹ bá ń yà wọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá ké, wọn ò ní parí ọ̀rọ̀ náà láéláé. Àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ tí eyín ń kan eyín kekeke láìdáwọ́ dúró, tí irun ẹ̀yìn dìde, tí wọ́n ń fò mọ́ ara wọn, ẹ tètè ju aṣọ ìnura sáàárín wọn. Ọwọ́ lásán kọ́ o, wọ́n á bù yín jẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ yà wọ́n, kó di ọjọ́ mìíràn.

Nígbà tí ara wọn bá ti balẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n ń ta pọ́ún sókè bíi gúgúrú nínú ìkòkò. Ayọ̀ nìyẹn.

Kéèjì tí ẹ ó kó wọn sí, kó tó mítà kan ààbọ̀ kó dín díẹ̀ ní gígùn, kó ju ààbọ̀ mítà lọ ní fífẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kó má ṣe ní òórùn ẹnì kankan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde gidi

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un fún àwọn tó wà nígboro lọ́dọ̀ wa níbí: ẹ má mú ẹran mọra lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá, bí àwọn balógun bá ti gun ẹṣin dé tí ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹran inú ilé á máa gbọ̀n. Yàrá tó jìnnà sí títì ni kí ẹ gbé wọn sí.

Ìyá Ẹniọlá (Ìpẹru)

Àgbẹ̀ Odogbolu ti bá wa rí abo kékeré kan, Ọlọ́run á bù kún yín sà. Yàrá ìyá mi ló wà báyìí. Ẹniọlá kọ̀ láti pè é ní Àdùkẹ́, ó ní Àdùkẹ́ ti lọ. Àṣàkẹ́ ló sọ ọ́.

Ìbéèrè kan ló kù. Aṣọ tí Àdùkẹ́ máa ń sùn lé ṣì wà lọ́dọ̀ Àbẹ̀ní, mi ò tíì fọ̀ ọ́. Ṣé kí n fi sílẹ̀ fún un?

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ fọ̀ ọ́ mà. Bó bá jẹ́ pé a mọ̀ dájú pé kì í ṣe àìsàn tó ń ràn ló pa Àdùkẹ́, ǹ bá ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, torí òórùn rẹ̀ máa ń tù wọ́n lára. A ò mọ̀ ọ́n. Omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa. Tí ọ̀sẹ̀ tí ẹ yà Àṣàkẹ́ sọ́tọ̀ bá ti pé, ẹ gbé àwọn méjèèjì wá kí n wo imú àti eyín wọn. Àwọn tó bá sún mọ́ Abẹ́òkúta jù lè lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ní FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn tó wà níbẹ̀. Inú agbọ̀n tó ní afẹ́fẹ́ ni kí ẹ gbé wọn sí, pẹ̀lú koríko, kí ẹ sì bọ́ sọ́nà láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú.